Bàálù Onítáyà-Ìrù àti Àtúnyẹ̀wò Ọdún Méjì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ọmọ Yorùbá bíi tèmi tí wọ́n gba ìwé àṣẹ láti wa bàálù kékeré ní Amẹ́ríkà sábà máa ń bi mí ní oríṣi ìbéèrè méjì. Èkíní ni ti bàálù tí táyà kékeré rẹ̀ wà lábẹ́ ìrù, èyí tí wọ́n gbọ́ pé ó le. Èkejì ni ti àtúnyẹ̀wò tí òfin ní kí páílọ́ọ̀tì ṣe láàárín ọdún méjì síra wọn, tí ọ̀pọ̀ kà sí ìyọnu lásán. Mo ti wá rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì, nítorí pé ohun tí bàálù onítáyà-ìrù ń kọ́ni gan-an ni ọ̀pọ̀ àtúnyẹ̀wò máa ń fò dá. Òfin Amẹ́ríkà ni mo ń sọ níbí. Kí ẹni tó bá ń fò ní Nàìjíríà tàbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì béèrè òfin ibẹ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀.

Kí ni bàálù onítáyà-ìrù?

Bàálù tí ọ̀pọ̀ wa fi kọ́ṣẹ́, irú bíi Cessna 172, ní táyà ńlá méjì lábẹ́ ara àti táyà kan lábẹ́ imú. Onítáyà-ìrù ní táyà ńlá méjì tirẹ̀ níwájú, táyà kékeré kan sì wà lábẹ́ ìrù, tó fi jẹ́ pé nígbà tó bá dúró, ńṣe ló gbé imú sókè bí ajá tó jókòó. Kí ọ̀rúndún ogún tó dé ìdajì, irú èyí ló wọ́pọ̀ jù. Piper J-3 Cub aláwọ̀ ìyeyè, tí wọ́n ṣe tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 20,000 láàárín 1938 sí 1947, bẹ́ẹ̀ ló rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Aeronca Champ tó jáde ní 1945, àti Cessna 140 tó jáde ní 1946. Ọkọ̀ èrò ńlá Douglas DC-3, tó kọ́kọ́ fò ní 17 oṣù Kejìlá, 1935, kò yàtọ̀. Àwa náà mọ DC-3 nílé: ó wà lára àwọn bàálù tí WAAC Nigeria, tó wá di Nigeria Airways, fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1958.

Ní 1956, Cessna gbé 172 jáde. Bàálù 170 wọn àtijọ́ ni wọ́n gbé táyà ìrù rẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì fi táyà sábẹ́ imú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni onítáyà-imú ti gba ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀.

Kí nìdí tí wọ́n fi ń sọ pé ó le?

Ẹ fojú inú wo alábàárù tó kó àpò ìrẹsì kún inú ọmọlanke. Bí ó bá dúró níwájú tó ń fà á, ibi tó bá forí lé ni ẹrù ń tẹ̀lé e lọ. Bí táyà kan bá tilẹ̀ kọlu òkúta, fífà tó ń fà á náà ni yóò tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ sẹ́yìn tó ń tì í, kí táyà ya díẹ̀ báyìí, ẹrù fúnra rẹ̀ ni yóò máa fi kún yíyà náà, bí kò bá sì tètè mú un, ọmọlanke yóò fẹ́ yí padà dojú kọ ọ́.

Bàálù onítáyà-imú ni ọmọlanke tí à ń fà, nítorí pé àárín gbùngbùn ìwúwo rẹ̀ wà níwájú táyà ńlá méjèèjì. Ti onítáyà-ìrù wà lẹ́yìn wọn. Nítorí náà, bí imú rẹ̀ bá yà díẹ̀ lórí ilẹ̀, ìwúwo ẹ̀yìn náà ń fẹ́ kọjá síwájú, yíyà ọ̀hún á sì máa pọ̀ sí i fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti kọjá ibi tí rọ́dà (pátákó ìrù tí pẹ́dà ẹsẹ̀ ń darí láti ya imú sọ́tùn-ún tàbí sósì) àti bírékì ti lè dá a dúró, bàálù yóò yípo lórí ilẹ̀ bí òkòtó. Ohun tí àwọn páílọ́ọ̀tì ń pè ní ground loop nìyẹn. Nígbà mìíràn, ìtìjú nìkan ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀; nígbà mìíràn, etí apá á gbálẹ̀, ẹsẹ̀ táyà á ṣẹ́, abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì á sì ká kò.

Mi ò gbà pé ó le, bí a bá ń fi líle pe ohun tí ènìyàn lásán kò lè ṣe. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kì í dárí ìjáfara jini. Èyí tí 172 yóò bá yín tún ṣe láìsọ fún yín, òun á fi lé yín lọ́wọ́, tàbí kí n sọ pé á fi lé yín lẹ́sẹ̀.

Kí ni mo máa bá pàdé ní ọjọ́ àkọ́kọ́?

Ohun tí èmi bá pàdé ni mo lè sọ. Mo ti ní ìwé àṣẹ fún ọdún mẹ́fà, mo sì ti fò ju wákàtí 200 lọ, kí n tó kọ́kọ́ jókòó sínú Champ kan ní pápá koríko kan ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ìrì àárọ̀ ṣì wà lórí koríko. Bàálù náà kò ní bátìrì rárá, nítorí náà ọwọ́ ni olùkọ́ mi fi yí abẹ̀bẹ̀ iwájú kí ẹ́ńjìnnì tó ta. Okùn so ìrù mọ́lẹ̀, èmi sì wà nínú, mo fi gìgísẹ̀ mi méjèèjì tẹ bírékì mọ́lẹ̀, nítorí pé gìgísẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ bírékì Champ. Nígbà tó tú okùn tó sì wọlé sí àga ẹ̀yìn, mo rò pé iṣẹ́ tó le ti tán.

Mo fún ẹ́ńjìnnì ní agbára, mo ti ọ̀pá ìdarí síwájú, ìrù sì gbéra. Kí n tó mí, imú ti yà sí òsì. Mo tẹ pẹ́dà ọ̀tún, mo sì tẹ̀ ẹ́ jù, ó yà sí ọ̀tún. Mo tẹ òsì, mo tún tẹ̀ ẹ́ jù. Bí a ṣe ń lọ lórí koríko nìyẹn, bí ẹni tó mu ẹmu yó, títí bàálù fi ṣàánú wa tó gbéra. Ohùn kan wá láti ẹ̀yìn mi, kò sì ga rárá: “Ẹsẹ̀ rẹ ti sùn. Tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kí o sì tètè tú u sílẹ̀. Má dúró kí ó yà kí o tó ṣe nǹkan.”

Òótọ́ ni. Fún ọdún mẹ́fà ni 172 ti gbà fún mi kí n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí pẹ́dà bí ẹni tó gbé e sórí àpótí ìtìsẹ̀. Kò sí ẹnì kankan tó sọ fún mi, bẹ́ẹ̀ sì ni mo ti ṣe àtúnyẹ̀wò ọdún méjì lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìgbà náà.

Kí ló ń fà á sí òsì bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ gbéra?

Ohun mẹ́rin ló pa pọ̀. Afẹ́fẹ́ tí abẹ̀bẹ̀ ń tì sẹ́yìn máa ń yí ara bàálù ká, ó sì ń gbá ìrù ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Bí abẹ̀bẹ̀ ṣe ń yí sí ọ̀tún, ara bàálù fẹ́ yí sí òsì, táyà òsì á sì tẹlẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Nígbà tí ìrù bá ṣì wà nílẹ̀, apá abẹ̀bẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀tún ń gé afẹ́fẹ́ ju èyí tó ń gòkè ní òsì lọ. Ẹ̀kẹrin ni èyí tí àwọn onítáyà-imú kì í bá pàdé: lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ẹ bá gbé ìrù sókè, abẹ̀bẹ̀ tó ń yí kíkankíkan náà yóò hùwà bí òkòtó tí a tì lẹ́gbẹ̀ẹ́, imú yóò sì fò sí òsì. Nítorí náà, pẹ́dà ọ̀tún ní láti bá ìrù gbéra lásìkò kan náà, kó má ṣe dúró kí imú yà ná.

Kí àwọn tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣàkíyèsí pé ẹ́ńjìnnì Tiger Moth, bàálù onítáyà-ìrù àtijọ́ wọn, ń yí sí òdì kejì, nítorí náà pẹ́dà òsì ni tiwọn.

Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín oríṣi ìbalẹ̀ méjì tí mo ń gbọ́?

Èkíní ni ìbalẹ̀ táyà mẹ́ta. Ẹ ó mú bàálù wá sí ìtòsí ilẹ̀, ẹ ó fa agbára ẹ́ńjìnnì padà pátápátá, ẹ ó sì máa fa ọ̀pá ìdarí wálẹ̀ sí ikùn díẹ̀díẹ̀, kí ó má ṣe balẹ̀, títí imú yóò fi dúró sí ibi tó wà gẹ́lẹ́ nígbà tí bàálù wà lórí ìdúró. Ibẹ̀ ni apá á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gbé e mọ́, táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì kan ilẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀pá kò gbọdọ̀ kúrò níkùn, kí táyà ìrù lè tẹlẹ̀ dáadáa, nítorí pé òun ni yóò máa bá yín darí rẹ̀.

Èkejì ni ìbalẹ̀ táyà iwájú. Ẹ ó wá pẹ̀lú eré díẹ̀ sí i, ẹ ó sì jẹ́ kí táyà ńlá méjì nìkan kan ilẹ̀, tí ìrù ṣì wà lókè. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kàn án, ẹ ó ti ọ̀pá síwájú díẹ̀ kí apá má ṣe tún gbé bàálù dìde. Mo ní lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kàn án, nítorí pé ẹni tó bá tì í ṣáájú ni bàálù máa ń ju sókè gan-an. Bí ó bá ju yín sókè, ẹ má ṣe lé e kiri. Ẹ fún un ní agbára, kí ẹ sì tún un gbé wá.

Àwọn páílọ́ọ̀tì lè fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ jiyàn lórí èyí tó sàn jù. Ní tèmi, ìbalẹ̀ táyà mẹ́ta ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi bẹ̀rẹ̀ lórí koríko, nítorí pé eré ìbalẹ̀ kéré, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tó kù tó lè ṣẹlẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n òfin fẹ́ kí ẹ mọ méjèèjì, àyàfi bí ẹni tó ṣe bàálù náà bá ti ní kí a má fi táyà iwájú balẹ̀.

Ohun kan ṣe pàtàkì ju oríṣi tí ẹ bá yàn lọ: ibi tí imú kọjú sí nígbà tí táyà bá kan ilẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí bàálù ń lọ gan-an. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ẹ̀gbẹ́ fẹ́, ẹ tẹ apá ìhà afẹ́fẹ́ sílẹ̀, kí ẹ fi rọ́dà mú imú gún, kí ẹ sì jẹ́ kí táyà ìhà ibẹ̀ kọ́kọ́ kàn. Bàálù tó bá balẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ground loop tirẹ̀ ná.

Nígbà wo ni ìbalẹ̀ parí?

Nígbà tí ẹ bá so ó mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń mí kanlẹ̀ bí táyà bá ti kan ilẹ̀, ibẹ̀ sì ni ewu ti bẹ̀rẹ̀. Bí bàálù ṣe ń dín eré kù, afẹ́fẹ́ tó ń kọjá lára rọ́dà ń dín kù, agbára rọ́dà náà ń lọ, bẹ́ẹ̀ táyà ìrù àti bírékì kò tíì gba ipò rẹ̀ tán. Àárín méjèèjì yìí ni ẹsẹ̀ ti gbọ́dọ̀ jí jù. Ẹ gbé ojú sí òpin ọ̀nà ìbalẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ má ṣe wo iwájú imú, nítorí pé ojú tó ń wo jìnnà ló ń tètè rí i pé imú fẹ́ yà.

Rírìn nílẹ̀ pàápàá nílò iṣẹ́. Imú bo ojú ọ̀nà, nítorí náà ẹ ó máa yà sọ́tùn-ún yà sósì kí ẹ lè rí iwájú. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti iwájú àti ẹ̀gbẹ́ wá, ọ̀pá á wà níkùn, ẹ ó sì tẹ̀ ẹ́ sí ìhà afẹ́fẹ́. Bí ó bá ń ti ẹ̀yìn wá, ẹ ó ti ọ̀pá síwájú, ẹ ó sì tẹ̀ ẹ́ kúrò ní ìhà afẹ́fẹ́. Champ kò wúwo. Afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn lè gbé apá rẹ̀ kí ẹ tó bojú wẹ̀yìn.

Kí ni òfin béèrè, wákàtí mélòó ni yóò sì gbà?

Àjọ FAA tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú ní Amẹ́ríkà kò ní kí ẹ gba ìwé àṣẹ mìíràn. Ìfọwọ́sí olùkọ́ nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìfò yín ló fẹ́. Olùkọ́ náà gbọ́dọ̀ ti kọ́ yín ní gbígbéra àti bíbalẹ̀ déédéé, gbígbéra àti bíbalẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́, ìbalẹ̀ táyà iwájú, àti bí a ṣe ń pa ìbalẹ̀ tì láti tún gbéra. Àwọn tó ti wa onítáyà-ìrù gẹ́gẹ́ bí páílọ́ọ̀tì tó ni àkóso bàálù, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, ṣáájú 15 oṣù Kẹrin, 1991 kò nílò ìfọwọ́sí yìí.

Òfin kò ka wákàtí. Láàárín wákàtí 5 sí 10 ni ọ̀pọ̀ ń lò, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni sáré. Ilé iṣẹ́ ìńṣọ́ránsì lè ní tirẹ̀ tó máa béèrè, ó sì máa ń ju ti òfin lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó ra bàálù, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Bàálù wo ló dára láti fi kọ́ ọ, níbo sì ni?

Champ àti Citabria ni mo fẹ́ràn jù fún akẹ́kọ̀ọ́. Àga iwájú ni ẹ ó jókòó sí nínú méjèèjì, ẹ ó sì rí iwájú dáadáa. Citabria, tó jáde ní 1964, lágbára díẹ̀ sí i. Àfẹ́rí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni Cub, ṣùgbọ́n àga ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń dá a wà, orí ẹni tó wà níwájú á sì wà lójú yín.

Ẹ wá pápá koríko. Koríko máa ń jẹ́ kí táyà yọ̀ díẹ̀ bí ẹ bá balẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀dà máa ń gbá táyà mú lójijì, ó sì ń fi gbogbo àṣìṣe hàn. Nígbà tí ẹsẹ̀ yín bá ti jí, ẹ lọ sórí ọ̀dà, nítorí pé ọ̀dà ni ẹ ó máa bá pàdé jù.

Ṣé ìtàn àwa ènìyàn dúdú kan irú bàálù yìí?

Ó kàn án gan-an. Nígbà tí kò sí ilé ẹ̀kọ́ kankan ní Amẹ́ríkà tó gba Bessie Coleman, ó kọjá òkun lọ sí ilẹ̀ Faransé, ibẹ̀ ló sì ti gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 15 oṣù Kẹfà, 1921, nínú bàálù ìgbà náà tí kò tilẹ̀ ní táyà ìrù, tó jẹ́ igi ló ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní Tuskegee ní ìpínlẹ̀ Alabama, ni àwọn ọmọ ogun òfurufú dúdú bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nínú Stearman alápá méjì lórí koríko Moton Field. Àwọn márùn-ún ló kọ́kọ́ jáde ní 7 oṣù Kẹta, 1942. Láti Stearman dé P-51 Mustang tí wọ́n fi ja ogun ní ilẹ̀ Yúróòpù, onítáyà-ìrù ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ohun tí wọ́n wà. Mo ti dúró ní Moton Field, mo sì wo pápá náà pẹ́. Àwọn tí wọ́n sọ fún pé àwọn kò lè fò ni wọ́n fi èyí tí kì í dárí jini kọ́, wọ́n sì mọ̀ ọ́n.

Kí gan-an ni àtúnyẹ̀wò ọdún méjì?

Òfin tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 61.56 ní kí páílọ́ọ̀tì jókòó bá olùkọ́ fún ó kéré tán wákàtí 1 nílẹ̀, kí ó sì bá a fò fún ó kéré tán wákàtí 1. Òfin ìfò tó wà lójú iṣẹ́ ni wọn yóò yẹ̀ wò nílẹ̀. Ohun tí wọn yóò ṣe lókè wà lọ́wọ́ olùkọ́. Oṣù 24 ló ń lò, títí di òpin oṣù náà: ẹni tó bá ṣe é ní 10 oṣù Kẹta, 2025 ní títí di 31 oṣù Kẹta, 2027. Ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ tuntun, tàbí tó parí ìpele kan nínú ètò WINGS ti FAA, èyí tó ní ẹ̀kọ́ ilẹ̀ mẹ́ta àti ìfò mẹ́ta, kò nílò àtúnyẹ̀wò mìíràn fún ìgbà náà.

Ṣé mo lè kùnà nínú rẹ̀?

Rárá o. Ìdánwò kọ́. Bí ohun tí olùkọ́ rí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò kọ ọ́ sínú ìwé yín pé òun kọ́ yín fún wákàtí báyìí, kò níí fọwọ́ sí àtúnyẹ̀wò náà, ẹ ó sì tún padà wá. Kò sí àkọsílẹ̀ pé ẹ kùnà. Ìdí nìyí tó fi ń dùn mí nígbà tí mo bá rí ẹni tó ń fi ibi tí kò dára pamọ́ fún olùkọ́ ní ọjọ́ náà.

Kí ni mo lè ṣe kí ó má jẹ́ ìfọwọ́sí lásán?

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kò ní láárí ná. Nínú ọ̀kan lára àtúnyẹ̀wò mi àkọ́kọ́, a jókòó, a sọ̀rọ̀ lórí epo, ọjà àti ìdílé, a gbéra ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ kò mi ewé, a balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, olùkọ́ sì fọwọ́ sí i. Inú mi dùn pé ó tètè tán. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, mo gbé aya mi àti àbúrò rẹ̀ bọ̀ láti ìrìnàjò, a sì bá afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì 14 (nǹkan bíi kìlómítà 26 ní wákàtí kan) nílé. Mo balẹ̀ pẹ̀lú imú tó ya sí afẹ́fẹ́. Táyà ké, gbogbo wa tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìwúwo tó wà níwájú táyà ńlá ló sì fa bàálù padà gún. Aya mi kò sọ nǹkan kan títí a fi délé. Mi ò di ẹ̀bi ru olùkọ́ náà nìkan, nítorí pé èmi náà kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ni mo máa ń kọ̀wé sí olùkọ́, mo sì ń sọ ohun mẹ́ta fún un: irú ìrìnàjò tí mo ń fò gan-an, ohun tí mi ò tíì ṣe láti ọdún kan, àti ohun tí mò ń bẹ̀rù. Ẹ̀kẹta ló wúlò jù. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́, ẹ yan ọjọ́ tó fẹ́, ẹ má ṣe sún un síwájú. Bí ẹ bá ti gbàgbé bí bàálù ṣe ń hùwà nígbà tí apá kò bá lè gbé e mọ́, ẹ ní kí ó fi hàn yín ní gíga tó láàbò, pàápàá irú èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá fi rọ́dà fipá yí bàálù sí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ tó ti fẹ́ kọjá. Ẹ ní kí ó fa agbára ẹ́ńjìnnì kúrò láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ pa ìbalẹ̀ tì lẹ́ẹ̀mejì ní ibi tó rẹlẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ wa kì í ṣe é títí ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀.

Fún wákàtí ilẹ̀, ẹ gbé ìrìnàjò kan tí ẹ fẹ́ lọ ní ti tòótọ́ síwájú olùkọ́, kí ẹ ṣe ìṣirò ìwúwo rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí yóò jókòó níbẹ̀, àti ẹrù wọn. Òfin á wọlé sínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, yóò sì dúró lórí ju kíkà á bí àkọ́sórí lọ. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí wákàtí 2 tí òfin dá dí yín lọ́wọ́. Èyí tó kéré jù ló sọ.

Ṣé mo lè fi ẹ̀kọ́ onítáyà-ìrù ṣe àtúnyẹ̀wò mi?

Bẹ́ẹ̀ ni, ìmọ̀ràn tí mo sì máa ń kọ́kọ́ fún ènìyàn nìyẹn. Òfin kò béèrè pé kí ẹ ṣe é nínú bàálù yín. Inú èyíkéyìí tó wà lábẹ́ irú tí ìwé àṣẹ yín gbà ni ẹ ti lè ṣe é, ó sì kárí ìyókù. Ẹ sọ fún olùkọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé méjèèjì ni ẹ ń wá, kí ẹ ṣe wákàtí ilẹ̀ náà, kí ó sì kọ ìfọwọ́sí méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí pé ọ̀kan kò dúró fún èkejì.

Mi ò ní ra irú bàálù bẹ́ẹ̀ láéláé. Kí ló wá wúlò fún?

Fún ẹsẹ̀ yín nínú 172 ni. Olùkọ́ mi fi eré kan dá mi lẹ́kọ̀ọ́ lókè: ó ní kí n kọ imú sí òkè kan ní ọ̀ọ́kán, kí n máa tẹ apá sọ́tùn-ún àti sósì léraléra, kí imú má sì kúrò lójú òkè náà. Ní ìgbà àkọ́kọ́, imú ń rìn kiri bí ẹni tó ń wá ìdí ọ̀nà. Nígbà tí wákàtí náà fi parí, ẹsẹ̀ àti ọwọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo gbé 172 lọ sínú afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì 12, ó sì balẹ̀ gún, táyà kan lẹ́yìn èkejì, láìké.

Bí mo bá ti gba ìfọwọ́sí, ìgbà wo ni mo lè gbé ẹbí mi?

Lójú òfin, ẹni tó bá fẹ́ gbé èrò gbọ́dọ̀ ti gbéra kí ó sì balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọjọ́ 90 tó ṣáájú. Ti onítáyà-ìrù ní ohun kan sí i: inú onítáyà-ìrù ló gbọ́dọ̀ ti ṣe é, bàálù sì gbọ́dọ̀ dúró pátápátá nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kíkan ilẹ̀ kí a sì tún gbéra lọ kò kà, nítorí pé dídín eré kù yẹn gan-an ni òfin fẹ́ kí ẹ ti ṣe. Ní tèmi, ìgbà 30 ni mo dá balẹ̀ kí n tó gbé ẹnikẹ́ni, nínú èyí tí mẹ́wàá wà nínú afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́. Aya mi ló kọ́kọ́ jókòó sẹ́yìn mi. Nígbà tí bàálù dúró lórí koríko, ó ní kí n tún un ṣe.